Eyín Tí Mo Fẹ́ẹ́ Sọ Nù

Omi Odò Peace pọ́n bí omi tí ewé gbígbẹ ti pẹ́ nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó dọ̀tí ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Florida, tí wọ́n gbé mi lọ sí Arcadia nínú oṣù Kejì kí a lè wá eyín àti egungun ẹran ayé àtijọ́ tó ti di òkúta nínú odò náà, ní kí n fọwọ́ bù ú wò. Ó mọ́, ewé àti gbòǹgbò igi ló pa á láwọ̀ dà. Àsìkò tí odò bá fà là ń lọ, torí bí òjò bá dé, ọwọ́ ò ní tó ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀nì wà níbẹ̀ o. A rí ọ̀kan tó ń yá oòrùn lódìkejì, a bá wá ibòmíràn lọ.

Kí a tó wọ omi, wọ́n ṣàlàyé òfin fún mi. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣa eyín ẹja shark, ṣùgbọ́n eyín tàbí egungun ẹran mìíràn gba ìwé àṣẹ láti Florida Museum of Natural History. Wọ́n ní ìwé náà, èmi ò ní.

"Ohun tó bá ti yàtọ̀ sí eyín shark, tèmi ni," wọ́n ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ náà ò le: ẹ ó fi ṣọ́bìrì kó òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò sínú ajọ̀, ẹ ó jọ̀ ọ́ nínú omi, ẹ ó wo ohun tó kù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó kù ló dúdú. Òkúta dúdú, igi dúdú, egungun dúdú! Mo pariwo "egungun rè é" títí ohùn mi fi há, òkúta lásán ló ń jẹ́.

"Má wo àwọ̀. Wo ojú ibi tó ti kán."

Lóòótọ́, egungun tó ti di òkúta sábà máa ń ní ihò tíntìntín bí afárá oyin níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyẹn gbọ́ tán ni mo gbé nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kan jáde, ó tẹ̀ bí ọrun, ó wúwo, ojú ibi tó kán dì pinpin. Òkúta, mo ní. Àṣé egungun ìhà dugong ni, ẹran omi tó ń jẹ koríko ìsàlẹ̀ òkun. Egungun rẹ̀ ki bẹ́ẹ̀ kó má baà máa léfòó. Inú bí mi díẹ̀.

Eyín shark ò yọ mí lẹ́nu: ó ń dán, etí àwọn mìíràn rí bí ayùn. Ti megalodon, shark ńlá ayé àtijọ́ tó ti parun, àfọ́kù kan péré ni mo rí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo mú èèkù igi kan, ó gùn tó ìka mi, ó ní igun mẹ́rin. Mo ti na ọwọ́ láti sọ ọ́ nù.

"Dúró!"

Wọ́n fi àtàǹpàkò nu orí rẹ̀. Ilà kọ́lọkọ̀lọ yọ, bí ìgbà tí ọmọdé gba bírò.

"Eyín ẹṣin."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ti màlúù?"

Wọ́n ní ti màlúù máa ń ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí ò ní. Ẹṣin sì ti parun ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, kí àwọn ará Sípéènì tó tún kó tiwọn wá. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti di òkúta pátápátá, ti ayé àtijọ́ ni.

Wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti rí i sórí ìwé pélébé, wọ́n sì nawọ́ gbà á. Mo bẹ̀ wọ́n kí n mú un lọ́wọ́ títí a ó fi délé.