Ọjọ́ tí Màámi rí àgádágodo ní Köln

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Màámi wá láti Ìbàdàn wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, oṣù méjì ni wọ́n ti wà nínú fúláàtì wa ní Düsseldorf, ní Jámánì, tí wọn ò rí nǹkan kan ju ṣọ́ọ̀bù àti fèrèsé lọ, ni mo bá ní Màámi ẹ múra, à ń lọ Köln. Reluwé ò ju bí ìdajì wákàtí lọ.

Bẹ́ ẹ bá ṣe ń jáde ní stéṣọ̀n báyìí ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn á kò yín lójú, wọ́n ń pè é ní Dom, mítà 157 ló ga, ó dúdú bí ẹni pé èéfín ni wọ́n fi kùn ún. 1248 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, 1880 ni wọ́n tó parí ẹ̀, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni wọ́n sì fi pa á tì láàárín. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àṣé kì í ṣe ilé bàbá àwọn nìkan ni wọ́n kọ́ tì.

Lẹ́yìn pẹpẹ, àpótí wúrà kan wà níbẹ̀, wọ́n ní egungun àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù ló wà nínú ẹ̀, pé 1164 ni wọ́n kó o dé láti Milan. "Àwọn amòye inú Mátíù gan-an?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí o. Wọn ò fèsì, wọ́n kàn tún síkáàfù orí wọn wé. Àtẹ̀gùn 533 tó lọ sókè, èmi nìkan ni mo gùn ún, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, orúnkún mi ò tíì bọ̀ sípò.

Orí afárá Hohenzollern gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ kan reluwé, ẹ̀gbẹ́ kan ẹlẹ́sẹ̀, àgádágodo sì kún ara wáyà tó wà láàárín wọn pitimu, pupa, aláwọ̀ góòlù, èyí tó ti dípẹtà. Màámi dúró gbagidi.

"Àjọkẹ́, kí lèyí?"

Mo ní àwọn olólùfẹ́ ni, wọ́n á kọ orúkọ wọn sí i, wọ́n á tì í mọ́ ibẹ̀, wọ́n á ju kọ́kọ́rọ́ sínú odò Rhine kí ìfẹ́ wọn má bàa tú.

"Wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí àgádágodo, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sómi? Fúnra wọn?"

Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí wọ́n ń rò. Nǹkan tí wọ́n ní ọ̀tá máa ń ṣe síni lóru nílé, òyìnbó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é lọ́sàn-án gangan, ó tún ń ya fótò. Wọ́n yí ẹ̀yìn tí wọ́n fi pọn ọmọ kúrò lápá ibẹ̀, wọ́n gbá ọ̀já mọ́ra. Reluwé kan bá já wọlé, gbogbo afárá ń gbọ̀n, àgádágodo ń dún wọjawọja, ni mo bá ń gbọ́ Sáàmù 91 lábẹ́ ètè wọn.

Lọ́fínńdà ló tù wọ́n nínú. Ìlú yìí náà ló ni orúkọ Eau de Cologne (Cologne ni wọ́n ń pe Köln lédè Faransé), láti 1709 ni ilé iṣẹ́ Farina ti wà níbẹ̀, Màámi ra kékeré mẹ́rin fún àwọn ìyá ìjọ. (Owó tá a san ká tó tọ̀, Màámi ò tíì dárí ẹ̀ ji àwọn ará Köln.)

A ti wọ reluwé padà, mo rò pé wọ́n ti sùn, wọ́n kàn lajú:

"Tí wọ́n bá wá kọ ara wọn ńkọ́, ta ló máa wọdò lọ wá kọ́kọ́rọ́?"