Iyùn ààyè inú ilé wa ní Kàbà

Ojú iyùn wa, ẹran omi òkun tí a ń sìn nínú àpótí gíláàsì olómi iyọ̀, rí ràndànràndàn lánàá. Àbúrò mi ti mú ìgò áyódìn, èròjà kan tó wà nínú omi òkun, dání: "Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kán díẹ̀ sí i." Mo ní rárá, ká kọ́kọ́ wọn omi náà wò. Nínú lítà omi òkun kan, áyódìn kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 0.06 lọ; strontium, èròjà mìíràn nínú omi òkun, ló tó bíi 8. Tí áyódìn bá fi lè pọ̀ jù, májèlé ni! Ẹ̀mí wà lára iyùn o, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba.

A bu omi díẹ̀ kúrò, a fi èyí tí a fi iyọ̀ òkun pò rọ́pò rẹ̀, torí àwọn èròjà kéékèèké wọ̀nyí wà nínú iyọ̀ náà. Láàárọ̀ yìí, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ara iyùn ti yọ síta, wọ́n ń jù fìrìfìrì. Inú mi dùn gan-an.