Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Bí A Ṣe Ń Gun Zero-Turn, Ẹ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ìdàgẹ̀rẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ọgbà ní Àbújá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Òjò ti dé, koríko kò dẹ́kun àtiyọ mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ọgbà sì ti ń kó àwọn ọmọ tuntun lọ sí Maitama, Asokoro, Guzape àti Katampe. Mo ń wò yín lórí zero-turn, mówà tí a ń jókòó lé gé koríko, mo sì ń rí i pé àṣìṣe tó ti ṣe àwa tí a ṣáájú yín léṣe ni ẹ tún ń ṣe. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń yẹ ọ́ìlì wò, ẹ mọ bí a ṣe ń nu fíltà nígbà ọyẹ́, ẹ sì mọ ìdí tí a kì í fi í gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tó ń darí ẹ̀rọ yìí àti ohun tó ń dá a dúró ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò tíì mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni pé kí ẹ gbàgbé ọ̀kadà àti mọ́tò. Zero-turn kò ní sítíárìn, kò sì sí bíréèkì tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀pá méjì ló wà níwájú yín, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ló sì ń darí táyà ẹ̀yìn kan. Bí ẹ bá ti méjèèjì síwájú bákan náà, ẹ̀rọ á lọ tààrà. Bí ẹ bá dín ti òsì kù, yóò yà sósì. Bí ẹ bá fa ọ̀kan sẹ́yìn tí ẹ ti èkejì síwájú, yóò yí po lójú kan. Bí ẹ bá sì dá méjèèjì padà sí àárín, yóò dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni irú rẹ̀ ti ń jáde láti ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sì ń wá ni ẹ̀rọ tó lè yí igi àti òdòdó ká láì fi koríko sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ mọ́ ọwọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń di ọ̀pá mú gírígírí. Bí ẹ̀rọ bá ta kìjí, ara rẹ̀ náà á ta kìjí, ọwọ́ rẹ̀ á tún ti ọ̀pá, ẹ̀rọ á sì túbọ̀ máa fò. Ẹ gbé apá lé itan tàbí lé ìgbápálé àga, kí ẹ sì máa fi ìka ti ọ̀pá díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, n kò bá yín jà nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé òpin ìlà, ẹ má ṣe dá táyà kan dúró gbagidi kí ẹ fi èkejì yí ẹ̀rọ po. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí táyà tó dúró lójú kan a máa họ koríko bahama kúrò nílẹ̀ tó fi máa ku erùpẹ̀ pupa, ẹ̀yin náà ni wọn yóò sì ní kí ẹ tún un gbìn.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni táyà iwájú, òun gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Táyà méjì tó wà níwájú yẹn kò darí ohunkóhun. Bíi táyà kẹ̀kẹ́ tí a fi ń kó ọjà nínú supermarket ni wọ́n rí: ibi tí ìwúwo bá fà wọ́n sí ni wọ́n ń lọ. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló di ilẹ̀ mú. Bí èyí bá yọ̀ lórí ìdàgẹ̀rẹ́, ìdarí lọ, bíréèkì náà lọ, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ẹ ó sì kù sórí irin tó lè wúwo tó 500 kìlógíráàmù. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ èyí.

Oṣù Kẹjọ ni, nínú ọgbà ilé ńlá kan ní apá Asokoro, tí wọ́n kọ́ sórí àpáta bí ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀. Koríko ọgbà náà dà gẹ̀rẹ́ títí dé ẹnu gọ́tà oníkọnkéré tó ń gba omi àpáta. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Onílé ń retí àlejò ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá tó kó wa lọ pé kí a fi ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ èjìká gé apá ìsàlẹ̀, ó sì bi mí níwájú gbogbo ènìyàn bóyá ọ̀lẹ ni mí, pé owó tí ilé-iṣẹ́ fi ra zero-turn kò gbọdọ̀ ṣòfò. Owó ilé mi ní Mararaba ti tó san. Mo gùn ún.

Nǹkan méjì ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ yẹn kí n tó jókòó lé e. Wọ́n ti yọ irin ààbò tó máa ń nà lẹ́yìn awakọ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó bá dojú dé, kúrò, nítorí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ abẹ́ páànù tí wọ́n ń gbé e sí. Mẹkáníìkì sì ti so wáyà abẹ́ àga pọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì máa ń kú bí ara bá gbé kúrò lórí àga níbi tí ilẹ̀ ti rí gbágungbàgun. Orí ilẹ̀ títẹ́jú nìkan ni wọ́n sì ti kọ́ mi.

Mo gé ìlà òkè láìsí wàhálà. Nígbà tí mo sún mọ́ gọ́tà, mo gbọ́ tí táyà apá òkè ń yí lásán, iwájú ẹ̀rọ sì dorí kọ ìsàlẹ̀. Mo fa ọ̀pá méjèèjì sẹ́yìn. Táyà dúró, ẹ̀rọ kò dúró. Koríko tútù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló wà lábẹ́ táyà, ó sì ń gbé wa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ráyè wo inú gọ́tà náà dáadáa kí táyà iwájú tó já sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi sì há sáàárín irin rẹ̀ àti ògiri gọ́tà.

Bí wáyà abẹ́ àga bá wà bó ti yẹ ni, ẹ́ńjìnnì ì bá ti kú nígbà tí ìdí mi kúrò lórí àga. Kò kú. Abẹ ń yí, ó ń gbá kọnkéré, iná ń ta, èérún òkúta sì ń fò kọjá orí mi lọ bá ògiri. Epo ń kán láti ẹnu táńkì. Ẹnu abẹ irú ẹ̀rọ yìí lè máa sáré kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan, kò sì jìnnà sí orúnkún mi. Ọkùnrin Gbàgyí kan tó ń bomi rin òdòdó, ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ló sáré wá tó tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ìyeyè tó ń dá abẹ dúró, tó sì yí kọ́kọ́rọ́ pa. Ojú rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, nípa wíwò wá. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe ń gbàdúrà fún un títí dòní.

Egungun ojúgun mi ṣẹ́. Nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ, àìfarabalẹ̀ awakọ̀ ni wọ́n pè é, wọ́n sì ń yọ owó àtúnṣe nínú owó oṣù mi. Kò sí ẹni tó béèrè irin ààbò, kò sí ẹni tó béèrè wáyà. Ó ṣì ń dùn mí, n kò sì ní sọ pé kò dùn mí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń le mọ́ yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ gbé ẹ̀rọ sí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ má tíì tan abẹ, ẹ tú bíréèkì ìdúró, kí ẹ wá gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí àga. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹni yòówù tó bá ń pariwo. Bí irin ààbò bá nà sókè, ẹ de bẹ́líìtì. Bí igi bá mú kí ẹ ká a sílẹ̀, ẹ má ṣe dè é, ẹ sì tún un nà ní kété tí ẹ bá kọjá igi náà. Bí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ má fa ọ̀pá lójijì bí mo ṣe fà á: ẹ pa abẹ, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ tààrà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí kò lè ṣeé ṣe bí gọ́tà bá wà nísàlẹ̀, nítorí náà ẹ fi àyè tó tó ìbú ẹ̀rọ lọ́nà méjì sílẹ̀ sí ẹnu gọ́tà, odò tàbí ògiri tó já sísàlẹ̀.

Ní ti ìdàgẹ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá 15 dígírì. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ mú pátákó oní-mítà kan àti spirit level tí àwọn bírikìlà ń lò, ẹ fi orí pátákó kan lélẹ̀ ní apá òkè, ẹ gbé orí kejì títí yóò fi tẹ́jú, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá kọjá 27 sẹ̀ǹtímítà, zero-turn kò gbọdọ̀ débẹ̀; bí ilẹ̀ bá sì tutù, ẹ má gùn ún lórí ìdàgẹ̀rẹ́ rárá, kódà kí àlàfo náà má tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọgbà tí mo bá kọ́kọ́ wọ̀ ni mo ti ń wọ̀n báyìí, mo sì máa ń kan èèkàn síbi tí ẹ̀rọ gbọdọ̀ dé mọ. Bí ọ̀gá bá bínú sí èèkàn náà, mo máa ń gbé pátákó fún un kí òun fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n.