Eyín n'Íkẹ̀rẹ́, eyín ní Manchester

Nílé, tí eyín ọmọ bá yọ síta, ìnagijẹ ló máa fi gbà. Ẹnì kan wà ládùúgbò wa n'Íkẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní eléyín gan-n-gan láti pírámárì títí tó fi gbéyàwó, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé e lọ rí dókítà, torí eyín ò ro ó, èyí tó ń ro nìkan la máa ń gbé lọ fún dókítà kó bá wa yọ ọ́.

Ní Manchester ńbí, dókítà eyín kan ní kí ọmọbìnrin mi pa eyín dé, ó fi rúlà kékeré wọn bí tòkè ṣe yọ síwájú ju tìsàlẹ̀ lọ, ó lé ní 6mm, ó ní ipò 4 nìyẹn nínú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí eyín ṣe nílò ìtọ́jú tó. Ipò 1 dé 5 ni wọ́n ní, 5 ló le jù, 4 àti 5 ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ tí ò tíì pé 18, àti 3 nígbà míì. Dókítà bi mí bóyá ọmọ náà máa ń mu ìka, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ìyẹn lè ti eyín síta ṣùgbọ́n àjogúnbá náà wà níbẹ̀, mo kàn rántí ẹnu bàbá ẹ̀ mo dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Wọ́n lẹ irin wẹ́wẹ́ mọ́ eyín kọ̀ọ̀kan, wáyà gba orí wọn kọjá, wáyà yẹn ló ń fà wọ́n díẹ̀díẹ̀, egungun ibi tí eyín ń lọ á máa yọ́, tuntun á máa hù lẹ́yìn ẹ̀. Ó sábà ń tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 síra wọn lẹ ó máa padà lọ. Ẹ̀pà, àgbàdo sísun, egungun ẹran, gbogbo ẹ̀ di èèwọ̀. Iyán nìkan ni ò ní wàhálà kankan, ará Èkìtì ti jàre!

Àbúrò mi ń gbé ọmọ tiẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn fún irú ẹ̀, owó ọwọ́ ẹ̀ ni, ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ sì ni lóṣooṣù, ìyẹn gan-an ló ń tán an lókun.

Èjí ṣá ni mi ò gbà fún wọn. Wọ́n fẹ́ dí i, nígbà táwọn kan nílé ń sanwó kí wọ́n bá wọn là á! Tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá yọ ju tòkè lọ, tàbí eyín iwájú ò kan ara wọn débi tọ́mọ ò lè gé búrẹ́dì, ẹ tètè lọ, torí tó bá dàgbà tán ó lè di iṣẹ́ abẹ.

Tí wọ́n bá yọ irin, ritéénà, ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu láti di eyín mú, lalaalẹ́ ló kù, kí eyín má padà síbi tó ti wá. Tọmọ mi ti sọnù, owó la fi gba òmíràn, ọ̀fẹ́ yẹn ò kan ìyẹn o.