Óòmù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Nígbà tí mo ra Corolla tòkunbọ̀ mi àkọ́kọ́, táyà méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti pá, síbẹ̀ wúfà, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde, ni owó mi kọ́kọ́ lọ sí. Mo wọ ọjà Àlàbá, mo ra wúfà oníínṣì 12 kan, mo sì ra áńpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára, tí wọ́n kọ 1000 W gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni ó ti ń dà mí láàmú. Bí orin bá ti wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, iná pupa kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tàn, báàsì á sì dákẹ́. Bí ó bá tutù, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń bá a yí i bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ kan lórí afárá Third Mainland, tí òórùn bíi ti ike tó ń jóná gba inú búùtù wá bá mi. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dún mọ́.

Riwáyà àgbàlagbà tó bá mi tú u kò bá mi wí. Ìbéèrè kan ni ó bi mí: “Ọ̀gá, óòmù mélòó ni wúfà yín?” N kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bi mí lọ́jà.

Óòmù ni òṣùwọ̀n ìdènà tí kọ́ìlì wúfà, ìyẹn wáyà tí wọ́n lọ́ yípo nínú rẹ̀, ń ṣe fún iná. Bí ó bá ṣe kéré sí i ni iná tí áńpílífáyà ń tú jáde yóò ṣe pọ̀ sí i, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa gbóná sí i. Ọ̀pọ̀ wúfà ni ó ní kọ́ìlì méjì, èyí tí ẹ ó fi mọ̀ nígbà tí ẹ bá rí ojú wáyà mẹ́rin lára rẹ̀ dípò méjì. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí, óòmù 4 sì ni kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá so pọ́sítífù mọ́ pọ́sítífù àti nẹ́gátífù mọ́ nẹ́gátífù, óòmù 2 ni áńpílífáyà yóò rí. Bí a bá sì so nẹ́gátífù ti àkọ́kọ́ mọ́ pọ́sítífù ti èkejì, tí iná ní láti gba inú ọ̀kan kọjá kí ó tó dé inú ìkejì, yóò di óòmù 8. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ẹni tó bá mi so ó lò. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé olójú méjì ni áńpílífáyà mi, ìyẹn ni pé ọ̀nà méjì ni ohùn ń gbà jáde lára rẹ̀, wọ́n sì so ojú méjèèjì pọ̀ ní bíríìjì fún wúfà kan ṣoṣo. Ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé kò gbọ́dọ̀ rí ohun tó bá kéré sí óòmù 4 ní bíríìjì. Èmi ni n kò ka ìwé náà.

Ní ti 1000 W yẹn, ẹ wo fíùsì tó wà lára áńpílífáyà kí ẹ tó gbà á gbọ́. 30 A (áńpíà) ni tèmi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná ọkọ̀ kì í ju nǹkan bíi fóòtì 14 (14 V) lọ, 30 lọ́nà 14 sì jẹ́ wáàtì 420. Níbo wá ni ẹgbẹ̀rún wáàtì yóò ti wá? Nínú 420 yẹn pàápàá, apá kan yóò di ooru lásán. Iye tí a ń pè ní RMS ni ẹ máa wò, nítorí òun ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé fún ìgbà pípẹ́.

RMS wúfà tí mo fi rọ́pò ti àtijọ́ jẹ́ 300 W. Mo wá áńpílífáyà olójú kan, tí ó ń gbé 350 W RMS jáde ní óòmù 2 gan-an, kì í ṣe ní óòmù 4 tàbí 1, mo sì so kọ́ìlì méjèèjì bíi ti tẹ́lẹ̀ kí ó lè di óòmù 2. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé 350 pọ̀ ju 300 lọ kò mọ̀ pé áńpílífáyà kékeré tí a fipá mú kígbe ju agbára rẹ̀ lọ ni ó ń ba ohùn jẹ́ jù.

Wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti bátìrì náà kò ṣeé fojú fò. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kò sì lè gbé iná tó ti bàbà gidi. Kí fíùsì wà nítòsí bátìrì, kí ó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, kí ẹ sì ha ọ̀dà kúrò lára irin tí ẹ ó de wáyà ilẹ̀, èyí tó so áńpílífáyà mọ́ ara ọkọ̀, mọ́.

Gain, ìyẹn ohun tí a ń yí lára áńpílífáyà, ni ó kù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé fólúùmù ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú áńpílífáyà àti rédíò bára mu. Riwáyà náà yọ wúfà kúrò, ó fi ohùn 50 Hz kan, ohùn báàsì kan ṣoṣo tí kì í yí padà, sí rédíò, ó gbé fólúùmù dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó sì ń yí gain díẹ̀díẹ̀ títí mítà tó fi sí ojú áńpílífáyà fi ka fóòtì 24, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 300 W ní óòmù 2. Gain náà kò dé ìdajì rárá. Mo fi ọ̀dà èékánná ìyàwó mi sàmì sí ibi tí ó dúró, nítorí àbúrò mi máa ń yá ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbélé.