Kí bílì tó dé orí rédíò ló yẹ kí dókítà ti débẹ̀

Ṣé ẹ rántí April 2023, bí gbogbo àwa dókítà ṣe gbaná jẹ lórí bílì, ìyẹn àbá òfin, tí Ọnọ́rébù Ganiyu Johnson gbé wá sílé aṣojú-ṣòfin? Èyí tó ní kí wọ́n má fún dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà ní láísẹ́ńsì kíkún àfi tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún 5 nílé ńbí. Gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí mo wà ló gbóná, NARD, ẹgbẹ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì dókítà, pariwo, NMA, ẹgbẹ́ gbogbo dókítà Nàìjíríà, pariwo, àwọn tó ti wà ní UK náà bá wa pariwo láti ọ̀hún. Bílì yẹn ò di òfin, a dúpẹ́. Àmọ́ ìgbà wo la tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà? Ọ̀pọ̀ wa, ìgbà tó ti la kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì kọjá l'Ábùjá ni! Ẹnì kan ti rò ó, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kínní, àwa ṣì wà ní wọ́ọ̀dù tá à ń wá káńnúlà tá a fi ń fa omi sára aláìsàn.

Ibi tó ń dùn mí nìyẹn. Ìyanṣẹ́lódì ni ọ̀nà tá a mọ̀ jù láti bá ìjọba sọ̀rọ̀, ìgbà tí nǹkan bá sì ti bàjẹ́ tán la máa ń lò ó. Mi ò ní ká má yan iṣẹ́ lódì o, ẹ má tíì bú mi, èmi náà ti jókòó sílé rí. Aṣòfin 360 ló wà nílé aṣojú-ṣòfin, sẹ́nétọ̀ jẹ́ 109, àwọn tiwa tó wà ní Agodi n'Íbàdàn jẹ́ 32, mélòó nínú wọn ló ti wọ wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí lóru rí? Ohun tí ẹni tó bá lọ bá wọn bá sọ ni wọ́n á mọ̀. Tá ò bá lọ, ẹlòmíì ń lọ.

Àwa tá a wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ ò tiẹ̀ ní àwáwí. Ẹni tó ń ṣojú wa, a mọ ilé bàbá ẹ̀, tó bá wálé wá sìnkú tàbí wá ṣe ìdúpẹ́, àga mẹ́ta péré lè máà sí láàárín ìwọ àti òun. Kódà òun gan-an ló máa ń pè wá. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ màmá tún ti ru o." A ó ní kó ra báyìí báyìí, á ní ẹ ṣeun sà, fóònù á kú, ó tán. Ta ló máa ń fi kún un nínú wa pé, "Ọnọ́rébù, oògùn tí mo ní kẹ́ ẹ rà yẹn, àwọn màmá tó kù ládùúgbò ò rówó rà á mọ́ o, mo fẹ́ wá rí yín ní ọ́fíìsì lórí ẹ̀"? Ọ́fíìsì ni mo sọ o. Ohun téèyàn bá bá olóṣèlú sọ níbi ìnáwó, ó ti gbàgbé ẹ̀ kí wọ́n tó gbé àmàlà dé.

Tó o bá wá dé ọ́fíìsì yẹn, má kó ìwé jọ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ojú ìwé kan ṣoṣo, ohun kan ṣoṣo ni kó o béèrè, kó o sì mọ abala òfin tó wà. Ẹ jẹ́ n mú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọdún gbọọrọ la fi ń bá tírélà du ọ̀nà àtijọ́ tóóró yẹn nígbà tí tuntun kọ̀ tí ò tán. Ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, wọ́n á gbé e wá sáàárín ìlú, ọ̀pọ̀ ìgbà onímọ́tò tó ń kọjá ló ṣàánú ẹ̀, kò sí ẹbí lẹ́yìn ẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ lápò ẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014, èyí tí Ààrẹ Jonathan bu ọwọ́ lù ní October ọdún yẹn, sọ ní abala 20 pé ọsibítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera ò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú ẹ̀mẹ́jẹ́ńsì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀, fáìnì N100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Gbogbo ayé mọ abala yìí, wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ wa dáadáa. Abala 11 ni wọn kì í kà. Ibẹ̀ ni òfin yẹn náà ti ní kí ìjọba àpapọ̀ yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò ẹ̀ fún ìlera alábọ́dé, kí ìdá 5 nínú 100 owó yẹn sì jẹ́ ti ẹ̀mẹ́jẹ́ńsì. Òfin tó ní kí n má lé aláìsàn ló ní owó ẹ̀ wà ńbì kan o! Ìbéèrè tó yẹ ká gbé lọ nìyí: Ọnọ́rébù, nínú owó ẹ̀mẹ́jẹ́ńsì yẹn, èló ló dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọsibítù wo ló gbà á? Òun ò ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò burú, àmọ́ abala 88 àti 89 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún wọn lágbára láti ṣèwádìí, kódà láti pe ẹni tó mọ̀ kó wá ṣàlàyé. Àwọn ti Agodi ní tiwọn ní abala 128 àti 129.

Òfin sì lè wà kówó má sí. 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí i, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì 2018 ni owó abala 11 yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú hàn, bílíọ̀nù N55. Ti Àdéhùn Àbújá 2001 tún wà ńbẹ̀, tí àwọn olórí Áfíríkà ní àwọn á máa fi ìdá 15 nínú 100 bọ́jẹ́ẹ̀tì sórí ìlera, ìlú wa ńbí ni wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́, àwa fúnra wa ò débẹ̀ rí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé àsìkò bọ́jẹ́ẹ̀tì lèèyàn ń lọ, nígbà tí iléeṣẹ́ ìlera bá wá gbèjà tiẹ̀ níwájú kọ́mítì. Má kàn bi wọ́n pé èló lẹ kọ sílẹ̀. Bi wọ́n pé èyí tẹ́ ẹ kọ lésìí, èló lẹ san níbẹ̀?

Akọ̀wé kọ́mítì ìlera náà, ẹ má fojú di í. Òun ló mọ ọjọ́ ìpàdé ìtagbangba, òun ló ń gbàwé lọ́wọ́ èèyàn, ọnọ́rébù lè má padà wá lẹ́yìn ìdìbò, akọ̀wé á ṣì wà ńbẹ̀.

Má sì dá lọ. Ìbò kan ṣoṣo ni dókítà ní. Mú nọ́ọ̀sì dání, mú ìyálọ́jà dání láti Tákíè, mú ẹni tọ́rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí dání tó bá fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Àmọ́ kéèyàn máa sọ ìtàn aláìsàn láìgbàṣẹ, rárá o! Àdúgbò wa kéré, tó o bá ti ní "obìnrin kan láti Ìkòyí-Ilé tó bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá," wọ́n ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ gba abẹ́ NMA lọ, kẹ́nì kan má baà fi òfin iṣẹ́ dè yín.

Ó kù èyí tó máa ń bí mi nínú. Tá a bá dé iwájú aṣòfin, hazard allowance, owó ewu iṣẹ́, la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Owó yẹn tọ́ sí wa, mi ò jiyàn, ó tiẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu wa látọdúnmọ́dún, wọ́n á ti mọ ohun tá a fẹ́ sọ ká tó jókòó. Ẹni tó ti gbọ́ ti aláìsàn lẹ́nu ẹ lẹ́ẹ̀mejì á fara balẹ̀ gbọ́ ti owó oṣù lẹ́ẹ̀kẹta.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ kan ti ń kọ ojú ìwé kan yẹn lórí abala 11. Tó o bá ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, Súrúlérè tàbí Ògo-Olúwa lágbègbè wa ńbí, tó o sì mọ iye èèyàn tí wọ́n gbé wá bá yín látinú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́dún yìí, iye nìkan o, mi ò fẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni, fi ránṣẹ́ sí mi kí bọ́jẹ́ẹ̀tì tó dé iwájú ilé aṣòfin. Ẹni tó bá sì mọ akọ̀wé kọ́mítì, kó wá bá mi ní kọ̀rọ̀.