Ohun tí gbígbé ní Štúrovo ti kọ́ mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtiwá ṣiṣẹ́ ní gúúsù Slovakia, tẹ́ ẹ sì ń fi tọkàntọkàn kọ́ èdè Slovak, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má ṣe jáwọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìlú tí mò ń gbé yìí, èdè Hungary lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ta tòmátì. Štúrovo ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìjọba, Párkány ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ń pè é. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó nǹkan bí 10,000. Nígbà ìkànìyàn 2011, bí 60 nínú 100 ló ní Hungary làwọn. Odò Danube ló là wá láàárín sí Esztergom tó wà ní Hungary, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù ní gbogbo Hungary wà. Etí odò tiwa lèèyàn ti ń rí ṣọ́ọ̀ṣì náà dáadáa jù. Ẹ má sọ fún ará Esztergom pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ọjà, ẹ kí wọn ní "Jó napot kívánok", ìyẹn "ẹ káàsán o" lédè Hungary. Bó bá jẹ́ Slovak ni wọ́n fi dá yín lóhùn, ẹ yí sí Slovak. Àwọn náà mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ bá ìyá arúgbó sọ̀rọ̀, èdè yòówù kẹ́ ẹ sọ. Ọ́fíìsì ní tirẹ̀ yàtọ̀. Òfin 1999 fàyè gba ẹ̀yà tó bá tó 20 nínú 100 ní ìlú kan (wọ́n sọ ọ́ di 15 ní 2011) láti fi èdè tirẹ̀ bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ Slovak ni ìwé tí mo rí níbẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò ní kí onílé mi fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀dọ̀ òun ni mò ń gbé, kí wọ́n sì jẹ́rìí sí i ní ọ́fíìsì ìlú. Mo bá ìyá onílé lọ. Òun àti obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wọ́n, lédè Hungary, tẹ̀ríntẹ̀rín. Bó ṣe kan ìwé, obìnrin náà gbé awò ojú wọ̀, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan lédè Slovak, ìyá ń fi Slovak dáhùn. Ó lu òǹtẹ̀ gbàà, ni wọ́n bá padà sórí ọ̀rọ̀ orúnkún lédè Hungary. Ẹ wò wọ́n dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.

Ohun tẹ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ bi wọ́n ni pé, "Ẹ̀yin gan-an, Slovak ni yín àbí Hungary?" Hungary ló ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àdéhùn Trianon ti 1920 fi í fún Czechoslovakia, orílẹ̀-èdè tí Slovakia wà nínú rẹ̀ nígbà náà, Hungary gbà á padà ní 1938, ó tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1945. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gba ìwé ọmọ-onílùú lọ́wọ́ àwọn Hungary, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kúrò nílé. Ní 1948 ni wọ́n wá fi orúkọ Ľudovít Štúr, ẹni tó to èdè Slovak tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, sọ ìlú náà. Ará Kétu tó bá ara rẹ̀ ní Benin, tí ẹbí rẹ̀ sì wà ní Nàìjíríà, kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ páálí, ìyẹn ìwé ìrìnnà, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, Hungary mú un rọrùn fún àwọn èèyàn rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ààlà láti di ọmọ-onílùú. Lọ́dún kan náà, Slovakia ṣòfin pé ẹni tó bá gba ti ibòmíràn á pàdánù tirẹ̀. Wọ́n ti dẹ òfin náà díẹ̀ ní 2022. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá yọ páálí Hungary hàn yín nídìí ọtí, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ má sì sọ ọ́ fẹ́nì kan.

Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá Mária Valéria kọjá odò lọ sí Esztergom. 1895 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ọmọ ogun Jámánì fọ́ ọ ní 1944, kò sì padà bọ̀ sípò títí di 2001. Lónìí, àwọn èèyàn ń gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Yúrò là ń ná níhìn-ín láti 2009, forint ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, nítorí náà ẹ ní méjèèjì lápò. Ẹ mú ìwé yín dání pẹ̀lú. Lóòótọ́ kò sí ẹni tó ń dúró ti ààlà láti ìparí 2007, àmọ́ ní oṣù October 2023 Slovakia dá àwọn ọlọ́pàá padà síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró láàárín èrò.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ní October, nígbà ọjà Simon-Júda, kẹ́ ẹ jẹ lángos, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n dín, ní gbígbóná tí wọ́n fi aáyù pa lára. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Budapest sí Bratislava máa ń dúró lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ibùdó rẹ̀ jìnnà sí àárín ìlú. Bí ẹrù bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ wọ bọ́ọ̀sì.